Ewé Àkọ́rọ̀ Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀

Àkọ́rọ̀ ni Yorùbá ń pe òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta ọdún ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé apá òkè, ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ṣakí. Àrọ̀kúrò ni ti apá ìparí ọdún, tí òjò fi ń dágbére. Láàrin àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ yìí ti ń jáde, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìwà tirẹ̀: iṣu tuntun kò tíì ta, àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí ebè, àká sì ti ń gbẹ, síbẹ̀, ewé tútù ń ya wọ ọjà bí ẹni pé ilẹ̀ ń san gbèsè. Nítorí náà, ìkòkò ọbẹ̀ àsìkò yìí jẹ́ ibi tí èlùbọ́, ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti tọ́jú láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń pàdé ewé tí kò tíì pé oṣù kan lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì dá lé bí ẹni tó ń dáná ṣe lè mọ èyí tó yẹ kí iná dà láàmú nínú wọn àti èyí tó yẹ kí iná kàn kí kí ó sì kọjá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àkùrọ̀ ni ẹ̀fọ́ ti ń wá. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ọ̀rinrin tó wà lẹ́bàá odò tàbí ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, tí omi kì í tán nínú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ táútáú. Níbẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń pọn omi láàárọ̀ lálẹ́ láti bu wọ́n ebè, owó omi pípọn náà sì ni oníbàárà ń san nígbà tí ìdì ẹ̀fọ́ bá kéré tí owó rẹ̀ sì ga. Ewé tí òùngbẹ bá tọ́ dàgbà kì í rí bí èyí tí òjò tọ́: ara rẹ̀ a máa yi, igi rẹ̀ a máa gbó kíákíá, yóò sì tètè yọ òdòdó, nítorí pé ohun ọ̀gbìn tó bá rí i pé omi ń tán a máa sáré so èso kí ó tó kú. Àkọ́rọ̀ ni ó ń yí gbogbo èyí padà. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fún sórí ebè tí òjò sì ń rọ̀ sí déédéé lè tó ká láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, ṣọkọ yòkòtò, tí orúkọ rẹ̀ ń ṣèlérí pé yóò mú ọkọ sanra, a tún máa rú lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, gbúre a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́bàá ògiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ní tirẹ̀ kò dúró de ẹni tí yóò gbìn ín. Ilẹ̀ tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó ni ó fẹ́ràn jù, ìdí nìyí tí ó fi máa ń wà lára ewé tó kọ́kọ́ dé ọjà lẹ́yìn tí àgbẹ̀ ti sun oko tán tí òjò méjì mẹ́ta sì ti rọ̀ lé eérú. Yorùbá a máa gbàdúrà pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí ó bá pọ̀ dé ibi tí alátẹ ń fi ṣe èènì, ó kù díẹ̀ kí ó tẹ́.

Ibi tó dára jù láti ra irú ewé bẹ́ẹ̀ ni ọjà oko, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọjà ọrún-ọrún. Ọjà ọrún-ọrún ni ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún nípa kíkà Yorùbá, tó máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye, tó fi jẹ́ pé ọjà tí wọ́n bá ná ní ọjọ́ Ajé yóò tún pé ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjà ìsán ni èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú irú kíkà kan náà. B. W. Hodder àti U. I. Ukwu, nínú ìwé wọn Markets in West Africa tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1969, ṣe àlàyé lórí ètò yìí, pé àwọn ọjà tó múlé ti ara wọn kì í sábà pé ní ọjọ́ kan náà, wọ́n a máa tẹ̀ lé ara wọn yípo bí òrùka kí olùtajà lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tó bá mọ kíkà ọjà agbègbè rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ewé tí wọ́n já ní ìdájí ọjọ́ náà gan-an, tí erùpẹ̀ ṣì wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọjà ńlá bíi Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí Mile 12 ní Èkó, níbi tí a ti lè rí ohun gbogbo lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ewé kan lè ti kọjá lọ́wọ́ alájàpá, ìyẹn oníṣòwò tó ń ti oko dé oko ra ọjà jọ, àti lọ́wọ́ alárobọ̀, ìyẹn ẹni tó ń rà lọ́wọ́ alájàpá láti tún un tà ní wẹ́wẹ́, kí ó tó dé orí àtẹ, tí ó sì lè ti sun òru méjì nínú àpò. Kò sí ẹ̀gàn fún alájàpá nínú èyí, nítorí pé láìsí wọn ìlú ńlá kò ní rí ẹ̀fọ́ jẹ rárá.

Yíyan ẹ̀fọ́ gba ọwọ́ ju ojú lọ. Alátẹ mọ̀ pé àwọ̀ ni oníbàárà ń wò, nítorí náà ó ń wọ́n omi sórí ìdì, ewé tó ti rọ a sì tún gbórí sókè fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi yìí kì í dé àárín ìdì. Bí a bá ti ìka méjì bọ ibẹ̀ tí a bá a ní tútù, kò pẹ́ tí wọ́n já ewé náà. Bí ó bá ń gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti wà nínú ìdì láti àná tàbí ìjẹta. Ìdí rẹ̀ ni pé ewé tí a já kò tíì kú: ó ṣì ń mí, ó ń jẹ ṣúgà inú ara rẹ̀, ooru èémí náà sì há sí àárín níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, adùn rẹ̀ sì ń bá ooru náà lọ. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣẹ́ igi kan wò. Èyí tó bá dá lẹ́ẹ̀kan náà tí omi sì yọ lójú ibi tó ti dá ṣì tutù, èyí tó bá sì tẹ̀ tí kò dá, tí awọ ara rẹ̀ ń fà bí okùn, ti gbó. Ihò wẹ́wẹ́ lára ewé kì í ṣe àbùkù ńlá, nítorí pé ó lè jẹ́ àmì pé oògùn apakòkòrò kò pọ̀ lórí rẹ̀, ewé tó bá sì ń dán láìní ihò kan ṣoṣo ní àsìkò tí kòkòrò pọ̀ jù lọ ni ó yẹ kí a bi alátẹ léèrè bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó bá ti ń yọ òdòdó lórí, àti ewédú tí èso gígùn rẹ̀ ti ń yọ láàrin ewé, ti kọjá àsìkò wọn, bí ó ti wù kí owó wọn rọjú tó.

Kí a fọ ewé kí a tó rẹ́ ẹ ni ó tọ́, nítorí pé ojú ọbẹ ni ọ̀nà tí fítámìn inú ewé ń gbà bọ́ sínú omi ìfọ̀. Omi ìfọ̀ tó tó ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ kò pọ̀ jù, pàápàá fún ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sí àárín ìlú, níbi tí àwọn kan ti ń fi omi gọ́tà bomi rin oko. Bíbọ ẹ̀fọ́ ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ni kí a da omi gbígbóná lé e lórí, tàbí kí a rì í sínú omi tó ń hó fún ìgbà díẹ̀, kí a sì fún omi rẹ̀ dànù. Iṣẹ́ yìí ní àǹfààní, nítorí pé tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalic acid, èyí tó máa ń so mọ́ kálísíọ́mù tí kì í jẹ́ kí ara rí i lò dáadáa, tí àwọn tó ní òkúta inú kíndìnrín sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Omi ìbọ̀fọ́ ń gbé apá kan rẹ̀ lọ. Ó tún ní àdánù, nítorí pé omi kan náà ló ń gbé fítámìn C àti folate lọ, bí ewé bá sì ṣe pẹ́ sí nínú omi náà ni àdánù ń pọ̀ sí. Ìṣẹ́jú kan péré ti tó ewé àkọ́rọ̀. Àṣà kí a se ẹ̀fọ́ títí yóò fi dúdú, kí a tó tún wá gbé e sínú ọbẹ̀ láti sè é lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ àṣà tí ewé yíyi ti ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ni. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ewé oṣù kẹrin ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ rírò, tí orúkọ rẹ̀ ti ara rírò wá, ìyẹn rírò nǹkan papọ̀ lórí iná, ni ọbẹ̀ tó fi èyí hàn jù. Fún ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó gba ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ńlá mẹ́ta, ìdì ẹ̀bọ̀lọ̀ kan nítorí òórùn rẹ̀ tó lágbára, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì tàbí mẹ́ta bí ẹnu bá ti gbà á, àlùbọ́sà méjì, epo pupa bí ìdajì ife, irú wọ́rọ́ ẹ̀kún ṣíbí méjì, ẹja àrọ̀ yíyan kan tí a ti yọ egungun rẹ̀, àti edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan. Ata kò gbọ́dọ̀ kúnná, gígún tàbí lílọ̀ gbàǹgbà ni ó yẹ ẹ́, nítorí pé ata tó kúnná a máa fa omi, omi sì ni ọ̀tá ẹ̀fọ́ rírò. Epo kò nílò kí a yọ́ ọ títí yóò fi funfun tí èéfín rẹ̀ yóò fi lé ará ilé síta. Kí ó ṣáà gbóná tó láti mú kí àlùbọ́sà dún nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà àti irú ló ń kọ́kọ́ wọlé, títí òórùn irú yóò fi gba ilé kan, kí ata tó tẹ̀ lé wọn. Ibí yìí ni sùúrù wà: a ní láti dúró ti ata títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí epo yóò sì là sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kí ẹja, edé àti iyọ̀ tó wọlé. Ewé tí a ti bọ̀ tí a sì ti fún dáadáa ló ń wọlé kẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Kí a má ṣe dé ìkòkò náà nígbà yìí, nítorí pé ewé ní èròjà kíkan díẹ̀ tó máa ń bá oru jáde. Bí ọmọrí bá dá a padà sínú ọbẹ̀, àwọ̀ tútù yọ̀yọ̀ yóò di àwọ̀ ewé gbígbẹ kí a tó ṣẹ́jú pẹ́.

Kò sí tòmátò nínú ọbẹ̀ yìí, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú tòmátò tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ń wá láti ìhà àríwá Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń fi omi bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti dé tí ìkórè náà sì ti ń tán, owó rẹ̀ a gbé ẹsẹ̀ sókè títí di bí oṣù keje. Ní oṣù karùn-ún 2016, nǹkan le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tí kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ya bo oko tòmátò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ipò pàjáwìrì. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà lè gbé ẹ̀fọ́ láìsí tòmátò, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni kò sì gbà pé tòmátò ní iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irú ni ọbẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Èso igi irúgbá, tí wọ́n ń ká ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ni wọ́n ń sè fún wákàtí púpọ̀, tí wọ́n ń bó, tí wọ́n ń tún sè, tí wọ́n sì ń bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè mú. Èyí tí hóró rẹ̀ ṣì wà lódindi ni irú wọ́rọ́, èyí tó rọ̀ mọ́ ara wọn ni irú pẹ̀tẹ̀, tó yẹ ewédú àti ilá.

Gbúre kò ṣeé rò bí tẹ̀tẹ̀, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Ẹni tó bá dà á sínú ata láìtọ́jú rẹ̀ yóò bá odò nínú ìkòkò. Kí a rẹ́ ẹ, kí a gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́ láìbu omi kankan sí i, kí ó tú omi tirẹ̀ sílẹ̀, kí a sì sẹ́ ẹ, ni ó dára, tàbí kí a fi ẹ̀gúsí gbígbẹ tí a lọ̀ bá a pàdé, kí ẹ̀gúsí fa omi náà mu. Ti ewédú yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi kán-ún sí i kí ó lè tètè rọ̀ kí ó sì yọ̀, kán-ún sì ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámìn C jẹ́ bí ó ti ń ṣe é. Ewé ewédú àkọ́rọ̀, tí wọ́n já nígbà tí igi rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́ ní ìrọ̀rùn, kì í béèrè kán-ún rárá: omi díẹ̀ tó ń hó, ìṣẹ́jú márùn-ún, àti ìjábẹ̀, ìyẹn ìgbálẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ja ewédú nínú ìkòkò, ti tó o.

Kì í ṣe ewé nìkan ni òjò àkọ́kọ́ ń gbé wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá dá, èsúnsún, ìyẹn ikán tó ti hu ìyẹ́, a máa tú jáde láti inú ilẹ̀ lọ síbi iná. Àwọn ọmọdé a gbé ọpọ́n omi sábẹ́ fìtílà, èsúnsún a rí ìmọ́lẹ̀ nínú omi, wọ́n a sì kó sínú rẹ̀, ìyẹ́ wọn a sì bọ́. Ìkòkò gbígbẹ ni wọ́n fi ń dín in, láìfi epo sí i, nítorí pé ọ̀rá ara rẹ̀ tó o. Iyọ̀ díẹ̀ ni ó kù. Ìgbín náà a jáde láti ibi tó sápamọ́ sí, ṣùgbọ́n àsìkò yìí náà ni ó ń yé ẹyin, nítorí náà àwọn àgbà tó mòye a máa fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ nínú igbó. Ní ti olú, kí ẹni tí kò bá bá òbí rẹ̀ wá olú rí nínú igbó rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé èyí tó ń pani kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tó dùn.

Ní ìparí oṣù karùn-ún àti nínú oṣù kẹfà ni àgbàdo tútù ń gba ọjà lọ́wọ́ ewé, ó sì mú sàpàlà wá pẹ̀lú rẹ̀. Sàpàlà ni àgbàdo tútù tí a rẹ́ kúrò lára ṣùkù rẹ̀, tí a lọ̀ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, tí a fi epo àti iyọ̀ sí, tí a pọ́n sínú ewé eéran, tí a sì sè bí ìgbà tí à ń se mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ tí wọ́n bá ya àgbàdo náà ni ó yẹ kí a lọ̀ ọ́, nítorí pé láti ìgbà tí ó bá ti kúrò lórí igi ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì. Sàpàlà àgbàdo àná a máa le, adùn rẹ̀ a sì dín kù, ṣúgà tí àwọn kan wá ń bù sí i láti fi bò ó kì í sì í jọ ti àdánidá rẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò tó ṣẹ́kù láti àná ni alábàárìn rẹ̀.

Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ dání: oúnjẹ kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní efó, tí wọ́n ń fi ewé, epo pupa àti edé gbígbẹ sè, tí wọ́n ń fi ẹ̀pà àti kajú kún. Ewé tí wọ́n bá ní àrọ́wọ́tó wọn ni wọ́n lò, èyí sì bá bí ẹ̀fọ́ ṣe ń rí nílé mu, nítorí pé ẹ̀fọ́ kì í ṣe orúkọ ewé kan.

Ẹni tí kò bá sì ní oko, tí ọjà ọrún-ọrún sì jìnnà sí, lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdì gbúre tó rà. Lẹ́yìn tí ó bá ti já ewé rẹ̀ tán fún ọbẹ̀, kí ó ṣẹ́ igi tó kù ní gígùn ìka ọwọ́ kan, kí ó tì í bọ ilẹ̀ tútù nínú abọ́ tó ti fọ́ tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu, kí ó sì gbé e síbi tí ọ̀wààrà òjò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ojú tuntun yóò fi yọ lára rẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i yóò sì tó já, ó sì sàn kí a gé e lókè kí ó lè rú ju kí a fà á tu lọ.